Ìbéèrè tí kò bá níṣẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú fọ́ọ̀mù

Fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tí mo ṣe láti fi gba èrò àwọn oníbàárà ní ìbéèrè 22, orí mi sì wú nígbà náà pé kò sí ẹ̀ka iṣẹ́ kan tí n kò bá wọn fi ìbéèrè tiwọn sí i. Nígbà tí ìdáhùn wọlé, a ṣírò rẹ̀, a sì rí i pé máàkì 4 lé díẹ̀ nínú 5 ni wọ́n fún wa. Ọ̀gá mi wo ìwé náà títí, wọ́n ní, "Ó dáa o. Kí la wá fẹ́ ṣe sí i báyìí?" Ẹnu mi wọhò.

Láti ìgbà náà, kí n tó fi ìbéèrè kankan sínú fọ́ọ̀mù, mo máa ń kọ ọ́ sórí ìwé kan, n ó sì kọ ohun tí a máa yí padà bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá dára, àti ẹni tí yóò yí i padà, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè tí n kò bá ti rí nǹkan kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò wọlé nìyẹn. Báyìí ni ìbéèrè nípa ọjọ́ orí ṣe kúrò nínú tiwa, torí pé láti ọjọ́ tí a ti ń béèrè rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fi í ṣe ohunkóhun.

Èyí tó kù ni bí a ṣe ń béèrè. Mo ti kọ ọ́ rí pé, "Ǹjẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ wa yá mọ́ yín, tí wọ́n sì tètè dá yín lóhùn?" Ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín sí, ṣùgbọ́n tó dúró fún wákàtí kan kí wọ́n tó dá a lóhùn, kí ni kó mú? Àárín ló máa mú, ẹni tó bá sì ka ìdáhùn náà lẹ́yìn rẹ̀ yóò rò pé nǹkan kan kò ṣe é. Ìbéèrè méjì ni, ó sì yẹ kí wọ́n dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Báwo ni ẹ ṣe gbádùn iṣẹ́ wa tó?" ti fi ìgbádùn sí oníbàárà lẹ́nu kó tó sọ̀rọ̀ rárá.

Ọdún 1932 ni Rensis Likert, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, gbé ọ̀nà ìdáhùn onípele márùn-ún jáde, gbogbo ayé ló sì ń lò ó títí di òní. N kò bá a jà. Ohun tí mo ń bá jà ni nọ́ńbà tí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Oníbàárà kan mú 1 láti òkè délẹ̀, a sì kà á mọ́ àwọn tí inú ń bí, àfi ìgbà tí mo ka àpótí ìsàlẹ̀ tó kọ ọ̀rọ̀ sí: "Ẹ kú iṣẹ́, kò sí bíi yín." Ipò kìíní ló fi wá sí! Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ "kò dára rárá" àti "ó dára gan-an" sí abẹ́ nọ́ńbà.

Fred Reichheld, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó máa ń gba àwọn ilé iṣẹ́ nímọ̀ràn, náà gbé ìbéèrè kan ṣoṣo jáde ní ọdún 2003: láti 0 dé 10, báwo ni ẹ ṣe lè júwe wa fún ọ̀rẹ́ yín tó? Ẹni tó bá mú 9 tàbí 10 ni alátìlẹ́yìn, ẹni tó bá sì mú 6 wálẹ̀ wà lára àwọn tí kò tẹ́ lọ́rùn. Ó yà mí lẹ́nu pé 6 àti 0 jọ wà lójú kan náà. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé òrùlé ń jò, kò ní fi páànù tó lu hàn yín.

Ohun tó ń fi páànù náà hàn mí ni ìbéèrè nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, tí a béèrè nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì gbóná: "Kí ni ẹ wá ṣe lónìí? Ṣé ẹ rí i ṣe? Bí ẹ kò bá rí i ṣe, níbo ni ó ti dúró?" Ẹnìkan kọ ọ́ pé, "Mo tẹ ibi tí ẹ ní ká tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò lọ, mo bá tèmi lọ." A tún un ṣe lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ má sì jẹ́ kí iye ìdáhùn tàn yín. Ní ọdún 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest fi ìwé ránṣẹ́ sí bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá ènìyàn ní Amẹ́ríkà láti bi wọ́n léèrè ẹni tí wọn yóò dìbò yàn ṣe ààrẹ, èyí tó lé ní mílíọ̀nù méjì sì padà, wọ́n wá kéde pé Landon ni yóò wọlé. Roosevelt tí wọ́n jọ du ipò náà ló wọlé, ní ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Àwọn tó dáhùn kò jọ àwọn tó kù ni. Fọ́ọ̀mù oníbéèrè 22 ń ṣe wá bẹ́ẹ̀: ẹni tí inú ń bí gidigidi àti ẹni tó fẹ́ràn wa gidigidi ló ń dé ìparí rẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́rin péré ni tiwa ní báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi èyí tuntun lé ẹnìkan tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ wa lọ́wọ́, mo sì dákẹ́, mò ń wo ìka rẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tó dé ìbéèrè kejì, ìka náà dúró. Ó ní, "'Iṣẹ́ wa', iṣẹ́ wo nínú rẹ̀?" Mo gba fóònù mi, mo lọ tún ìbéèrè kejì kọ.