Ẹ̀fọ́ tó ń pẹ́ lóko: bí ẹ ṣe ń ká a ni

Ewúro, gbúre àti ẹ̀fọ́ Ìyánà-Ìpájà (tí wọ́n tún ń pè ní chaya) kì í ṣe ẹ̀fọ́ tí à ń fà tu bíi tẹ̀tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n lè lò lójú kan. Ohun tí mo kọ́ nípa wọn ni pé bí a ṣe ń ká wọn ló ń pinnu bóyá wọn á pẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ gbin ewúro, ẹ̀ka tó ti gbó ni kí ẹ gé. Èyí tó ṣì tutù máa ń jẹrà kó tó ta gbòǹgbò. Kó nípọn tó àtàǹpàkò, kó gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ gé ìdí rẹ̀ ní ṣóńṣó, kí ẹ gé orí rẹ̀ ní pẹrẹsẹ, kí ẹ má baà dorí rẹ̀ kodò nígbà tí ẹ bá ń gbìn ín. Ẹ ri ìdajì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi mítà kan sí àárín igi kan sí ìkejì. Bó bá há jù, ṣe ni wọ́n á máa ga tẹ́ẹ́rẹ́ láti wá oòrùn, ewé ò sì ní pọ̀. Ti Ìyánà-Ìpájà ní oje funfun, nítorí náà ẹ fi ẹ̀ka rẹ̀ síbi ibòji fún ọjọ́ mẹ́ta kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ kí ẹ tó gbìn ín. Ilẹ̀ tí omi ń dúró sí ló tètè ń pa á.

Ẹ má ká ewé kankan ní oṣù méjì àkọ́kọ́. Nígbà tí igi bá ga ju ìbàdí lọ, ẹ gé orí rẹ̀ wálẹ̀ dé orúnkún, ẹ̀ka á sì rú ní ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn èyí, ọ̀mùnú ni kí ẹ máa ká. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ká ju ìdajì ewé lọ lẹ́ẹ̀kan, torí ewé ló ń bọ́ gbòǹgbò. Igi tí a bá ká ní àkátán léraléra á rù títí yóò fi kú. Bí ewúro bá fẹ́ tanná, ewé rẹ̀ á kéré. Ẹ gé gbogbo ẹ̀ka tó ní òdòdó kúrò.

Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa ni kí ẹ fi sí ìdí wọn, kó má kan igi. Èyí tó ṣì tutù máa ń jó gbòǹgbò.

Gbúre kò ní wàhálà: ẹ gé e ku ìwọ̀n ìka méjì sókè ilẹ̀, á tún yọ.

Ẹ̀fọ́ Ìyánà-Ìpájà ní májèlé sáyánáìdì nínú bó bá wà ní tútù. Ẹ bọ̀ ọ́ fún 20 ìṣẹ́jú láìdé ìkòkò kí ẹ tó jẹ ẹ́.