Ẹsẹ̀ Mi Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Fẹ́ Tún Ṣe

Pẹ́dà bíréèkì ọkọ̀ wa mọ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Bí ọkọ mi bá tẹ̀ ẹ́, á dúró gbọin. Bí èmi bá tẹ̀ ẹ́, á kọ́kọ́ dúró, á fi mí lọ́kàn balẹ̀, á wá máa rọra wọlẹ̀ lọ bí ẹni tó fẹ́ yọ́ kúrò ní ìpàdé, títí á fi kan ilẹ̀ ọkọ̀.

Ìdí iná pupa ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Mo gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì jẹ́jẹ́, mò ń dúró de iná. Ṣàdédé ni mo rí i pé ọkọ̀ iwájú ń sún mọ́ mi. Mo ti fẹ́ fọn fèrè mọ́ ọn kí n tó mọ̀ pé èmi ni mò ń lọ bá a. Mo gbé ẹsẹ̀, mo tún un tẹ̀, ọkọ̀ dúró. Ọkùnrin tó wà níwájú ń wò mí nínú dígí. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Kò rẹ́rìn-ín padà.

Mo délé, mo rojọ́. Ọkọ mi bọ́ sínú ọkọ̀, ó fi ẹsẹ̀ gbá pẹ́dà mọ́lẹ̀: gbà! gbà! gbà! "Wò ó, kò mira." Mo ní, "Dádì, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì dúró lé e." Ó ní bíréèkì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bẹ̀. Ó wá là mí lọ́yẹ̀ pé tí èèyàn bá gbẹ́sẹ̀ lé pẹ́dà kó tó ṣáná sí ọkọ̀, pẹ́dà á sọ̀ díẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbéra, pé bọ́sítà, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ti ẹsẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn á sọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á dúró. Tèmi ò mọ ibi tí wọ́n ń dúró.

Nígbà tí mi ò dákẹ́, ó gbà pé ó jọ pé afẹ́fẹ́ ló wọ páìpù, pé ká yọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ọkọ yín yọ afẹ́fẹ́ bíréèkì rí, mo kí yín kú oríire pé ẹ ṣì jọ ń gbélé. Òun wà nídìí táyà ẹ̀yìn tó jìnnà jù sí máásítà, ìyẹn ẹ̀rọ tí pẹ́dà fi ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sídìí àwọn táyà, torí ibẹ̀ la sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹnu nọ́ọ̀tì tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, ó ki orí kejì sínú ìgò tó ní ọ́ìlì díẹ̀. Á ní "Tẹ̀ ẹ́!", màá tẹ̀ ẹ́, á tú nọ́ọ̀tì, pẹ́dà á wọlẹ̀, á tún nọ́ọ̀tì dí pa, ìgbà yẹn ni mo tó lè gbé ẹsẹ̀. Bí mo bá yá jù ú lọ, afẹ́fẹ́ á tún gba ibẹ̀ wọlé. Ó wá pariwo lẹ́ẹ̀kan pé "Má gbé ẹsẹ̀!" "Má" yẹn ò jáde lábẹ́ ọkọ̀. "Gbé ẹsẹ̀" ló dé ọ̀dọ̀ mi, mo sì gbé e. Èyí tó sọ tẹ̀ lé e dé etí mi kedere, gbogbo rẹ̀.

Ó tún da ọ́ìlì sára bọ́dì. Mo ní kó tètè fi omi ṣàn án, ó ní òun ń bọ̀. Kó tó dé, ọ̀dà ibẹ̀ ti ń ká kúrò. A parí, ó gbá pẹ́dà mọ́lẹ̀, ó ní ó ti dáa. Mo tẹ̀ ẹ́. Kódà, ó wọlẹ̀ kíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ni a bá gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Òun náà gbá a mọ́lẹ̀. Ó tú táyà, ó wo kálípà, ó wo inú dúrọ́ọ̀mù: ibi gbogbo gbẹ. Ọ́ìlì inú ike ò dín rárá. Ó wo ọkọ mi, ọkọ mi wò ó, àwọn méjèèjì wá wo ẹsẹ̀ mi.

"Màdáámù, bóyá ẹ kì í tẹ̀ ẹ́ dáadáa ni. Ẹ máa fi agbára sí i."

Mo bọ́ bàtà. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀, kó máa wo pẹ́dà, kó má sì bá mi sọ̀rọ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ lé e wẹ́rẹ́, mo mú fóònù, mo ń wò ó. Kí ọkọ mi tó sọ gbólóhùn kan parí, pẹ́dà ti dé ilẹ̀.

"Há! Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe."

Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní máásítà ni. Rọ́bà kan wà lára písítìnì inú rẹ̀ tó ń ti ọ́ìlì lọ sídìí táyà. Bí rọ́bà náà bá ti gbó, tí èèyàn bá gbá pẹ́dà mọ́lẹ̀, ipá ọ́ìlì fúnra rẹ̀ á na etí rọ́bà mọ́ irin, á dí pa. Bí èèyàn bá rọra tẹ̀ ẹ́, etí rọ́bà ò ní nà tó, ọ́ìlì á máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ padà síbi tó ti wá. Ìdí nìyẹn tí ibì kankan ò fi jò. Kó lè dá a lójú, ó tú àwọn páìpù kúrò lára máásítà, ó fi nọ́ọ̀tì dí ojú ihò wọn, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Bí máásítà bá dáa, pẹ́dà ò gbọdọ̀ wọlẹ̀, torí ọ́ìlì ò ríbi gbà. Ó wọlẹ̀.

Ó wá béèrè bóyá ẹnì kan ti ń tẹ pẹ́dà yìí kanlẹ̀ léraléra. Ó ní nínú máásítà tó ti pẹ́, ìpẹtà máa ń kó jọ síbi tí rọ́bà kì í dé, ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀ láti yọ afẹ́fẹ́ sì lè fi rọ́bà ha ara ìpẹtà náà. Ọkọ mi rántí pé òun ní ẹnì kan láti pè.

Wọ́n pààrọ̀ máásítà, pẹ́dà dúró. Mo dúró lé e nídìí iná pupa, mò ń wò ó, mò ń wò ó, àfìgbà tí àwọn tó wà lẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè pé iná ti di àwọ̀ ewé.

Ọkọ mi ti ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ lòun ti fura sí máásítà. Lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀kan nínú wọn gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá, pẹ́dà tiẹ̀ náà ń wọlẹ̀. Ọkọ mi ti ń ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

Ọ̀rẹ́ ní, "Jókòó, jàre. Ìyàwó wa ni mo wá bá."