Ojú máa ń ṣáájú ọwọ́ padà: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí mo padà sí ìdíje kẹ̀kẹ́ ìsọ̀kalẹ̀ òkè

Mo ti fẹ̀yìn tì nínú eré kẹ̀kẹ́ ìsọ̀kalẹ̀ òkè, èyí tí àwọn tó ń ṣe é mọ̀ sí downhill, kí n tó tún padà sí i lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo sì ń kọ èyí fún ẹni tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ń wá sí lọ́kàn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ṣáájú ohun gbogbo ni pé ara kì í padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ló máa ń kọ́kọ́ padà. Láàárín ìgbà díẹ̀, ẹ ó tún máa rí ibi tí ó yẹ kí táyà gbà láàárín àpáta méjì, ẹ ó mọ ibi tí ó yẹ kí ẹ ti tẹ bíréèkì àti ibi tí ó yẹ kí ẹ ti tú u sílẹ̀, ọkàn yín yóò sì máa sọ fún yín pé eré àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ọwọ́, ọrùn àti àwọn iṣan tó so ẹran ara mọ́ egungun kò ní tíì gbọ́ nípa ìpadàbọ̀ náà rárá. Inú àlàfo tó wà láàárín ohun tí ojú mọ̀ àti ohun tí ọwọ́ lè gbà mọ́ra ni ọ̀pọ̀ àwọn tó padà ti ń fara pa, kì í sì í ṣe pé wọn kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn.

Ẹni tó ń wo eré náà láti ìta lè rò pé òkè ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. UCI, ìyẹn àjọ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, fi gígùn ojú ọ̀nà ìje sí nǹkan bíi kìlómítà 1.5 sí 3.5, kí ó sì gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 sí 5. Olúkúlùkù ló ń dá sọ̀ kalẹ̀, agogo nìkan ló ń bá du eré. Ní gbogbo àkókò yẹn a kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó. Orí pẹ́dàlì la dúró sí, orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ ká, gbogbo ara ló sì ń di nǹkan mú, ìdí nìyẹn tí ọkàn fi ń lù kìkìkì bí ọkàn ẹni tó ń sáré bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ kò yí pẹ́dàlì púpọ̀. Ojú ọ̀nà Fort William ní Scotland, tí World Cup, ìyẹn ọ̀wọ́ ìdíje àgbáyé tó ń wáyé lọ́dọọdún, ti lọ lọ́pọ̀ ìgbà, máa ń gba àwọn tó yára jù lọ ju ìṣẹ́jú 4 lọ, ìsàlẹ̀ pátápátá ni àwọn ìfò ńláńlá ibẹ̀ sì wà, níbi tí ẹ ó dé nígbà tí apá ti rẹ̀ tán.

Bí rírẹ̀ apá náà ṣe ń wọlé yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé ó máa ń fara pamọ́. Ìka ìfábẹ̀lá kan péré ni a fi ń tẹ bíréèkì ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn ìka yòókù ló ń di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Bí a bá ti di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà mú jù fún ìgbà pípẹ́, apá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́ á le bí igi, ẹ̀jẹ̀ kò ní rọ́nà lọ bó ṣe yẹ, àwọn ìka á sì máa pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí ọpọlọ wí. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ kíyè sí ni pé bíréèkì kò mú mọ́. Ẹ ó rò pé ó ti gbóná jù, bẹ́ẹ̀ ìka yín ni kò lágbára mọ́. Láìmọ̀, ẹ ó fi ìka kejì kún un, èyí tó túmọ̀ sí pé ìka tó ń di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú ti dín kù gan-an ní ibi tó yẹ kí wọ́n pọ̀ jù. Òkúta kékeré kan tí táyà iwájú bá gbá níbẹ̀ tó láti já ọwọ́ yín kúrò.

Nítorí náà, kí ẹ tó ronú nípa ilé ìdárayá rárá, ẹ tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ẹ sún ọwọ́ bíréèkì mọ́tòsí tó fi jẹ́ pé ìgbà tí ìka bá ti ká wálẹ̀ ni bíréèkì máa ń mú, kì í ṣe ìgbà tí ìka ṣì nà. Ẹ má fi rọ́bà ìdìmú tó nípọn jù sórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́ yín kò bá fẹ̀. Bí owó tí ẹ fẹ́ ná kò bá pọ̀, bíréèkì ni kí ẹ fi ra: èyí tó ní písítìnì mẹ́rin, tí àwo irin rẹ̀ sì tó mílímítà 200 tàbí 220, kò nílò agbára púpọ̀ lọ́wọ́ ìka kí ó tó dá kẹ̀kẹ́ dúró. Èmi kò rí ohunkóhun mìíràn tí a lè fi owó rà tó ń fún ẹni tó ti dàgbà ní eré tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn ohun tó ń gba ìgbọ̀nrìrì ilẹ̀ mọ́ra. Fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ downhill, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì iwájú, máa ń rì tó nǹkan bíi mílímítà 200, ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú un le jù, apá yín ni yóò gba gbogbo ohun tí ó yẹ kí ó gbà. Nígbà tí ẹ bá dúró lórí pẹ́dàlì pẹ̀lú gbogbo ìwọṣọ yín, ó yẹ kí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti rì tó nǹkan bí 30 nínú 100 gígùn rẹ̀. Ìwúwo yín òní ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ fi ti ìgbà ọ̀dọ́ sílẹ̀ fún fọ́tò.

Nípa ìdánrawò, àṣà tí ọ̀pọ̀ wa mọ́ ni kí a tún ibi kan sá léraléra títí a ó fi mọ̀ ọ́n. Ìyẹn dára fún ojú, ojú kọ́ ló sì ń pẹ́ padà. Ohun tí ọwọ́ nílò ni ìsọ̀kalẹ̀ gígùn tí a kò dúró nínú rẹ̀, ní eré tí kò tó ti ìje, tí a ó máa fi gígùn kún díẹ̀díẹ̀ kí a tó fi eré kún un. Ìdánwò kan wà tí mo máa ń ṣe ní ìsàlẹ̀ òkè tí kò gba owó kankan. Kí n tó sinmi rárá, màá fi ọwọ́ kan tú okùn akoto mi, èyí tí a ń fi gba inú òrùka irin méjì. Bí àwọn ìka bá ń ta kókó, tí wọn kò rí etí okùn náà mú, a jẹ́ pé ìsọ̀kalẹ̀ ọjọ́ yẹn ti kọjá agbára ọwọ́ mi, bó ti wù kí ojú mi gbádùn rẹ̀ tó, n kò sì ní fi ohunkóhun kún un títí okùn yẹn yóò fi máa tú pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

Ilé ìdárayá ní àyè tirẹ̀, àmọ́ ó tún lè tan ènìyàn jẹ. Ẹran ara máa ń tètè lágbára. Iṣan tó so ó mọ́ egungun kì í tètè tẹ̀ lé e, oṣù ló ń kà, kì í ka ọ̀sẹ̀. Ẹ ó gbé irin wíwúwo, ẹ ó rí i pé agbára ti dé, ìgbọ̀nwọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín lẹ́yìn ìgbà tí ẹ ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje. Gbígbé ẹrù rìn, fífi ọwọ́ rọ̀ sórí irin, àti ìdárayá ọrùn, nítorí pé akoto tó bo gbogbo ojú wúwo, ni mo kà sí pàtàkì jù. Bí irin bá wà nínú ara yín láti ìgbà ìṣubú àtijọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà tó mọ̀ nípa egungun wò ó kí ẹ tó gun kẹ̀kẹ́ rárá.

Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ti yí padà ju bí ẹni tó ti pẹ́ nílé ṣe lè rò lọ. Táyà oní-ínǹṣì 26 ni gbogbo wa ń gùn nígbà tí mo fi eré sílẹ̀. Oní-ínǹṣì 27.5 rọ́pò rẹ̀; nígbà tó di 2017, Greg Minnaar, gbajúmọ̀ olùdíje ọmọ South Africa, borí ní Fort William lórí oní-ínǹṣì 29; láti 2019 ni UCI sì ti gbà kí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn má bára dọ́gba, tí ọ̀pọ̀ fi ń lo 29 níwájú àti 27.5 lẹ́yìn báyìí. Ara kẹ̀kẹ́ gùn sí i, fọ́ọ̀kì sì túbọ̀ dagun síwájú. Àwa tí a kọ́ eré lórí kẹ̀kẹ́ kúkúrú ti kọ́ láti sún ìdí sẹ́yìn, kí a na apá gbọọrọ, nítorí pé ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò gba orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ṣubú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ òde òní, táyà iwájú á fúyẹ́, kò ní di ilẹ̀ mú nínú kọ́ọ̀nà, á sì yọ̀ lọ. Ó yẹ kí àyà wà lókè ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kí ìgbọ̀nwọ́ ká síta, kí ìwúwo sì wà lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Òótọ́ ni pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àgbà yẹ àkísà rẹ̀ wò kí ó tó gbé e wọ̀: ọgbọ́n kíka ilẹ̀ ṣì wúlò, ọgbọ́n ìdúró lórí kẹ̀kẹ́ ti gbó.

Àwọn ènìyàn yóò máa fi akọni àgbà fún yín ní ìṣírí. Wọ́n á ní Steve Peat, ọmọ ilẹ̀ England, gba àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé ní Canberra ní 2009 nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 35, àti pé Minnaar gba tirẹ̀ ní Val di Sole ní 2021 nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 39. Àpẹẹrẹ rere ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwa, nítorí pé àwọn méjèèjì kò fi eré sílẹ̀ rí kí wọ́n tó gba àmì-ẹ̀yẹ wọ̀nyẹn. Ti Rachel Atherton, olùdíje ọmọ ilẹ̀ Britain, ló sún mọ́ wa jù: iṣan ńlá ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀ já ní Les Gets ní 2019, ó bímọ ní 2021, ó sì padà wá borí nínú ìdíje World Cup ní Lenzerheide ní oṣù kẹfà 2023. Ẹ rántí, síbẹ̀, pé iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́, ilé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ sì ni tẹbí rẹ̀. Missy Giove, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti gba àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1994, tún padà díje ní Windham ní Amẹ́ríkà ní 2015, lẹ́yìn tí ó ti kọjá ẹni ogójì ọdún, kò sì sí ẹni tó retí pé kí ó borí. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn.

Ìpín àwọn àgbà, tí wọ́n ń pè ní Masters, ni kí ẹ forúkọ sí. Ní ìdíje àgbáyé tirẹ̀, láti ẹni ọdún 35 ló ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń fi ọjọ́ orí pín àwọn olùdíje, tó fi jẹ́ pé ẹgbẹ́ yín ni ẹ ó bá du ú. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ àtijọ́ tì yín sínú ìpín àwọn ògbóǹtarìgì. Ẹ sì ka ìwé ìbánigbófò ìlera yín dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló yọ ìdíje sílẹ̀.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ ìdíje, ọwọ́ ni ẹ ń ṣọ́ ná, bí ẹni ń ṣọ́ owó ná. Ọ̀dọ́ lè sọ̀ kalẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá ti ojú ọ̀nà, kí ó sì tún jí dáadáa ní ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ti fi ìje yín ṣe ìdánrawò nìyẹn. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbà wá láyè láti fi ẹsẹ̀ rin ojú ọ̀nà náà, mo máa ń rìn ín wálẹ̀, màá sì yíjú padà ní gbogbo ibi tó le, nítorí pé láti ìsàlẹ̀ ni gbòǹgbò igi àti etí òkúta tó fara pamọ́ ti máa ń hàn. Ẹ rántí pé ilẹ̀ yẹn yóò gbẹ́ bí kẹ̀kẹ́ bá ti ń gba ibẹ̀ kọjá, nítorí náà ẹ wá ọ̀nà méjì sí ibi kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, kí ìsọ̀kalẹ̀ ìdánrawò kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ẹ fẹ́ fi í mọ̀, kí ẹ sì ṣíwọ́ nígbà tí ara ṣì ń fẹ́ sí i. Bí wọ́n bá ta àsíá pupa sí yín lójú ọ̀nà, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ tún un sá.

Nípa orí, kò sí àríyànjiyàn. Bí orí bá gbá nǹkan, tí ojú ṣú, tí èébì ń gbé yín tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ yín lẹ́nu, ọjọ́ yẹn ti parí, dókítà ló kù, akoto yẹn sì ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, ẹ má tún dé e mọ́ bí kò tilẹ̀ sán.

Ẹ má fi àkókò tí ẹ lò lónìí wé ti ìgbà ọ̀dọ́, nítorí pé ojú ọ̀nà kan náà kì í rí bákan náà lọ́dún méjì. Ìwé èsì ni kí ẹ yẹ̀ wò. Níbi tí wọ́n bá ti ń ka àkókò láàárín ọ̀nà, ẹ wo ìyàtọ̀ yín sí ẹni tó borí nínú ìpín yín ní apá òkè, kí ẹ sì wo ti apá ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn lókè, tí ẹ wá jìnnà sí i nísàlẹ̀, ojú ti padà, ọwọ́ kò tíì dé. Bí èsì tèmi ṣe rí nìyẹn títí di báyìí, àlàfo ìsàlẹ̀ náà ti ń dín kù láti ìdíje kan sí èkejì, mo sì ti sún ọwọ́ bíréèkì mọ́tòsí díẹ̀ sí i de èyí tó ń bọ̀.