Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ ṣe é fúnra rẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi, bí òpin sáà bá ti ń sún mọ́lé, olùkọ́ á gé páálí bíi labalábá, á sì kó òwú fún ọmọ ọdún 2 pé kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí a ti fàmì sí. Bí ọmọ náà bá lẹ̀ ẹ́ síbòmíràn, olùkọ́ á tú u, á sì tún un lẹ̀ kí àwọn òbí tó dé. Èmi náà jẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọdé, ó sì dá mi lójú pé irú labalábá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ rárá.

Viktor Lowenfeld, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tí wọ́n bí ní Ọ́stríà, tó sì ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé nínú ìwé tó gbé jáde ní 1947 pé láti nǹkan bí ọdún 2 sí 4 ni ọmọ máa ń fa ìlà wúruwùru. Lákọ̀ọ́kọ́, jíju apá síhìn-ín sọ́hùn-ún ló dùn mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣàkíyèsí pé ọwọ́ òun ló ń mú àmì náà jáde. Ó sì tún di ìgbà díẹ̀ kó tó máa sọ ohun tó yà lórúkọ. Ọmọ tí a bá gbé àwòṣe síwájú rẹ̀ nígbà tó ṣì wà ní ìpele àkọ́kọ́ yìí kò ní rí àyè ṣe àkíyèsí tó ṣe pàtàkì jù lọ náà.

Ohun tí mo fẹ́ràn láti fi bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀kọ láfún. Ẹ fi omi tútù po ìyẹ̀fun láfún, ẹ rò ó lórí iná títí yóò fi ki dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù pátápátá. Omi ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe sóbò yóò pa á láró, ata ilẹ̀ pupa (tọ́mẹ́ríìkì) yóò sì sọ ọ́ di yẹ́lò. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tíréè ńlá, kí ẹ sì dákẹ́. Àwọn ọmọ kan á ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn mìíràn á fi ìka kan ṣoṣo tọ́ ọ wò, wọ́n á wojú yín, wọ́n á tún un tọ́. Ẹ má ṣe kánjú wọn, ẹ má sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń yà, nítorí wọn kò tíì máa ya nǹkan kan. Ẹ lè sọ ohun tí ẹ rí: “O fi àtẹ́lẹwọ́ fà á gùn.” (Ẹ̀kọ láfún kan náà ni àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, kí aró má bàa mú ibi tí ẹ̀kọ bá wà. Àmọ́ tiwọn máa ń ní álọ́ọ̀mù nínú, tiwa kò gbọdọ̀ ní in.)

Amọ̀ rírọ̀ náà dára, bákan náà ni ike omi àti búrọ́ọ̀ṣì ńlá tí ọmọ lè fi kun ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí oòrùn ń pa, tí yóò sì máa gbẹ bó ti ń kùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kó ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ẹ̀wà gbígbẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, torí ó lè gbé e mì tàbí kó há a lọ́fun, kí ẹ sì jókòó tì í títí yóò fi ṣe tán.

Mo mọ̀ pé ìdọ̀tí ló ń ba ọ̀pọ̀ òbí lẹ́rù. Ẹ bọ́ aṣọ ọmọ ku pátá, kí ẹ gbé tíréè síta, kí omi ìwẹ̀ sì ti wà nítòsí. Fún àwọn òbí tó ń fẹ́ rí nǹkan mú lọ sílé, mo máa ń tẹ bébà mọ́ orí ẹ̀kọ náà kí ipa ọwọ́ ọmọ lè hàn lára rẹ̀, tó bá sì gbẹ, mo máa ń kọ ohun tí ọmọ ṣe sẹ́yìn rẹ̀, bíi pé ó fi kànrìnkànrìn nù ún, ó sì pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá wò ó.