Ta Ló Ń Súfèé Lóru?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alẹ́.

Iná lọ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Àbúrò mi tó lọ ra epo jẹnẹrétọ̀ súfèé lẹ́nu géètì kí n lè mọ̀ pé òun ni. Ni Màámi bá ké látinú yàrá pé, “Ta ló ń súfèé lóru? Ṣé ejò lo fẹ́ pè wọlé ni?” Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkùnrin tí mo ti ń ka ìtàn rẹ̀ látọjọ́ Àìkú ló sọ sí mi lọ́kàn.

Hugo Throssell. Bàbá rẹ̀ ti ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Ọsirélíà rí, síbẹ̀ oko ni òun àti Ric, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń dá ní Cowcowing, níbi tí ọ̀dá ti fojú wọn rí màbo. Ogun Àgbáyé Kìíní dé ní 1914, àwọn méjèèjì wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin kan náà. Íjíbítì ni wọ́n fi ẹṣin sí, wọ́n fẹsẹ̀ jà ní Gallipoli, nílẹ̀ Tọ́kì.

Ìparí oṣù Kẹjọ 1915, lórí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Hill 60, bọ́ǹbù táwọn ará Tọ́kì bá jù ni wọ́n ń ṣà jù padà kó tó bú. Nígbà tí Hugo máa jáde, apá rẹ̀ ti gan, kò lè gbé sìgá dẹ́nu. Irin tí wọ́n kọ “Australia” sí léjìká ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ká, ó ti wọ inú ẹran ejìká rẹ̀ lọ. Orúkọ ìlú ẹni, nínú ẹran ara ẹni! Mo gbé fóònù sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n fún un ní Victoria Cross, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà tó ga jù lọ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ń fún ọmọ ogun.

Oṣù Kẹrin 1917, ní Gásà, Ric ò padà bọ̀. Lóru, àbúrò rẹ̀ fàyà wọ́ láàárín òkú àtàwọn tó ń kú lọ, ó ń súfèé bí wọ́n ṣe máa ń súfèé pera wọn ní kékeré. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ní 1919, ó dúró níwájú àwọn ará Northam, ìlú bàbá rẹ̀, ó ní ogun ti sọ òun di sósíálíìsì, ẹni tó gbà pé gbogbo ará ìlú ló yẹ kó jọ ni ọrọ̀ ìlú. Inú ọ̀pọ̀ wọn ò dùn. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn lẹ́yìn náà. Ní oṣù Kọkànlá 1933, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò tíì bọ́ nínú ohun tójú òun rí lógun, kí ìjọba jọ̀ọ́ fún ìyàwó àtọmọ òun lówó tó tọ́ sí ìdílé ológun.

Àbúrò mi ti gbé kéègì wọlé, Màámi ṣì ń bá a wí.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa súfèé.”