Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú

Ọjọ́ Àìkú, agogo mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá díẹ̀

Èjìká ń ta mí níbi tí okùn báàgì ti ń fà á láti ọjọ́ Ẹtì, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti bó, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí oorun gbé mi lọ kí n tó kọ èyí. Ìrọ̀lẹ́ yìí la dé sí Ìbàdàn láti Adó-Àwáyé, níbi tí a ti lọ gun òkè. Ìyá àgbà ti gbé àpótí sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń retí wa. Wọn ò béèrè òkè, wọn ò béèrè bóyá ejò wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Omi wo lẹ mu?"

Mo ní, "Omi odò ni, Mà. A foògùn sí i."

Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wá wo kókósẹ̀ tiwọn. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò.

A ò lè ru omi tó máa tó wa. Mo ti ṣírò rẹ̀ kí a tó gbéra. Àpò píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ ọ̀rá 20, ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlàjì lítà. Lítà 10 nìyẹn, kílò 10 lẹ́yìn ẹni tó tún ru àgọ́, ìkòkò àti gàrí. Àwa mẹ́ta la lọ: èmi, àbúrò mi ọkùnrin, àti ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì. Nínú oòrùn, lórí àtẹ̀gùn òkè tí wọ́n ní ó jẹ́ 369, ẹnì kan á mu tó lítà mẹ́ta lójúmọ́. Ọjọ́ mẹ́ta la fẹ́ lò. Ọ̀rẹ́ mi bá ra oògùn omi ní kẹ́mísì: hóró kéékèèké tí wọ́n wé lọ́kọ̀ọ̀kan, hóró kan fún lítà kan. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò wúwo tó kọ́kọ́rọ́ ilé. Kilórínì ló wà nínú rẹ̀, ọmọ ìyá ohun tó ń rùn nínú jíìkì, àmọ́ wọ́n ti wọ̀n ọ́n níwọ̀n tí ara lè gbà.

A gba ọ̀nà Mọ́níyà jáde, a kọjá Ìṣẹ́yìn, ó sì tó nǹkan bí agogo mẹ́rin kí a tó dé ibi odò kan nísàlẹ̀ òkè. Odò náà ò tóbi. Orí àpáta ló ń ṣàn lé, ó sì mọ́ débi pé mo lè ka àwọn òkúta funfun tó wà nísàlẹ̀. Omi tí a gbé láti ilé ti tán lọ́nà. Bàbá tó fẹ́ mú wa gun òkè lọ́jọ́ kejì bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ bu omi náà mu, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, ẹ mu ún jàre. Omi ò lọ́tàá."

Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá, mo sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Omi ò lọ́tàá lóòótọ́. Àwa tí a ń mu ún la ní ọ̀tá, inú omi lọ̀tá náà sì fi ṣe ilé.

Àbúrò mi ti fẹ́ bu omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gẹ́ kan. Mo ní ká rìn gòkè sí i kọjá oko náà, torí mo rí ike oògùn apakoríko nílẹ̀. Kilórínì ń pa kòkòrò àrùn. Kì í yọ májèlé kúrò nínú omi. Kò sí iye hóró tí èèyàn lè jù sínú omi tí oògùn oko ti kán sí tó máa sọ ọ́ di omi mímu. Ibi tí a ti bu omi ló ṣáájú, oògùn ló tẹ̀ lé e.

Hóró kan wọ inú ike kọ̀ọ̀kan, ó ń hó wuruwuru, ó sì yòrò. A dé e. Nígbà tó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀rẹ́ mi ní ká tú ìdérí díẹ̀ ká dorí ike kodò, kí omi tó ti gba oògùn lè ṣàn gba ẹnu ike níbi tí ìdérí ti ń lọ́ mọ́ ọn. Omi odò tó bá kù síbẹ̀ ni ètè máa kọ́kọ́ kàn. Èmi ò ronú kan ibẹ̀ rí. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí iṣẹ́ mìíràn ju ká dúró lọ. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ṣé ẹ ti jókòó ti omi rí nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ yín? Ọ̀fun á máa sọ fún yín pé ogún ìṣẹ́jú ti tó. Ojú á máa sọ pé omi yìí mọ́ láti ilẹ̀, kí lẹ tún ń dúró dè? Mo wo aago fóònù mi, mo gbójú kúrò, mo tún wò ó, ìṣẹ́jú kan péré ló ti kọjá.

Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí mo gbọ́ tí nǹkan ró kọ́lọ́ nínú ike kan. Àbúrò mi ti ju fàítámìn C sí i, àwọn hóró dídùn tí a máa ń lá nígbà tí a wà ní kékeré. Ó ju mẹ́ta sí i. "Ẹ̀gbọ́n, kò ní rùn mọ́," ó ní. Ó ti kà á níbì kan pé fàítámìn C ń pa òórùn oògùn omi. Òótọ́ lohun tó kà. Ó ń pa òórùn náà torí pé kilórínì gan-an ló ń pa. Bí wọ́n bá fi sí i lẹ́yìn tí kilórínì ti parí iṣẹ́, omi á dùn, kò sì léwu. Bí wọ́n bá fi sí i kó tó parí, wọ́n ti gba àdá lọ́wọ́ ẹni tó ń bá wọn pa ejò.

Ọ̀rẹ́ mi ò sọ̀rọ̀. Ó gba ike náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dà á nù. Lítà kan gbáko, a ń wò ó bó ṣe ń wọlẹ̀ lọ láàrin òkúta. Ojú àbúrò mi pọ́n. Nígbà tí àsìkò tèmi pé, mo fún un ní ìlàjì. Mi ò fi le koko mọ́ ọn torí pé èmi lẹ̀gbọ́n. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn mo mu omi orí àpáta kan tó tutù, tó mọ́ ju ti odò yẹn lọ, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù pẹ̀lú ìgbẹ́ ọ̀rìn. Mi ò fẹ́ rí i kí ojú tirẹ̀ jìn bí tèmi ṣe jìn nígbà yẹn.

Ìyá àgbà ni mo ń rò bí a ṣe jókòó sórí òkúta yẹn. Ìdèrè ni wọ́n bí wọn sí, ní Ìbàràpá. Ẹni tó bá wo kókósẹ̀ wọn ọ̀tún á rí àpá mẹ́rin tó ń dán, tó jìn bí ẹni fìka tẹ àmàlà. Sòbìyà ló jáde níbẹ̀. Omi adágún ni gbogbo agboolé wọn ń mu. Kòkòrò tín-ín-tín kan wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀, ọmọ sòbìyà á wà nínú kòkòrò náà, ẹni tó bá sì mu ún kò ní mọ nǹkan kan. Ó tó nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, nígbà tó ti gbàgbé omi tó mu, kí aràn tó gùn tó mítà kan tó bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà àtijáde, lẹ́sẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kò ṣeé fà yọ lẹ́ẹ̀kan. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wé e mọ́, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, torí bó bá já sínú, ọ̀ràn ti di méjì.

Ìyá àgbà ní oṣù mẹ́ta lòún fi ń fìdí wọ́ láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé. Àsìkò tí ẹ̀gúsí gbó ni, ẹ̀gúsí náà jẹrà sóko torí ìyá wọn náà wà nílẹ̀. Bí àwọn ẹlòmíì bá ń pa á lówe pé sòbìyà yóò tó degbò, olúgànbe là á ké sí, Ìyá àgbà kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ké sí olúgànbe títí.

Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní àrùn náà káàkiri Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1988, wọ́n lé ní 650,000. Aṣọ ojú wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi ṣiṣẹ́ tó pọ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú oògùn tí wọ́n ń dà sínú adágún láti pa kòkòrò tín-ín-tín yẹn, àti kànga tuntun. Ọ̀gágun Yakubu Gowon fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé àwọn abúlé nítorí rẹ̀. Ọdún 2008 ni wọ́n rí i lára ẹni ìkẹyìn, nígbà tó sì di December 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé orílẹ̀-èdè wa ti bọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ èyí fún Ìyá àgbà, wọ́n máa ń ní kí n tún un sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta la gun òkè. Mi ò ní kọ púpọ̀ nípa rẹ̀ lálẹ́ yìí, ẹwà rẹ̀ yẹ ní ọjọ́ tirẹ̀. A dé ibi adágún Iyake, a dúró, a wò ó, a ò fi ike kankan kàn án. Bàbá ní ìyẹn kì í ṣe omi òùngbẹ, ó sì tó wa bẹ́ẹ̀. Omi tí a rí ní ibòmíì lórí àpáta rú díẹ̀, a ká aṣọ funfun ní ìlọ́po mẹ́rin, a sẹ́ ẹ, a wá fi hóró méjì sí lítà kan. Ìdọ̀tí ni kilórínì máa ń kọ́kọ́ bá jà. Bí ìdọ̀tí bá pọ̀, agbára rẹ̀ á tán síbẹ̀, kòkòrò àrùn á sì máa gbé ìgbé ayé rẹ̀ lọ. Òwúrọ̀ òní tutù gan-an lókè níbẹ̀, oògùn náà sì máa ń lọ́ra nínú omi tútù, a jẹ́ kó tó wákàtí kan. Èyí tí a fi po tíì, a sè é títí ó fi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, torí irú kòkòrò kan wà tí èèpo rẹ̀ le, tí kilórínì kì í tètè ràn. Iná kì í bá a ṣeré.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ni mo fẹ́ rántí jù. Omi kànga wa ni Ìyá àgbà ń mu nígbà tí píọ̀ wọ́tà bá tán. Álọ́ọ̀mù ni wọ́n ń fi sí i láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, omi á sì dá gaara lójú. Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé álọ́ọ̀mù ń rẹ ìdọ̀tí sílẹ̀ ni, kì í pa kòkòrò, ṣalángá aládùúgbò wa ò sì jìnnà sí kànga náà. Lónìí mo mú irú hóró tó tóbi jáde, 67 mílígíráàmù, hóró kan fún kẹ́ẹ̀gì lítà 20. Mo ju ú sínú omi kànga tó ti silẹ̀, mo dé e.

"Ṣé ó ti ṣeé mu?" wọ́n bi mí.

"Ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, Mà."

Wọ́n fa àpótí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì náà, wọ́n jókòó. Wọn ò bi mí ní ìdí. Àbúrò mi jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, òun ló ń wo aago. Ó ku mẹ́wàá. Ó ku méje. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó pé, mo bu omi sínú ife, mo kúnlẹ̀ gbé e fún wọn. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì dákẹ́. Mo rò pé wọ́n fẹ́ ní ó ń rùn.

"Omi ẹ̀rọ," wọ́n ní. "Omi Ẹlẹ́yẹlé nìyí. Bó ṣe ń rùn nìyí nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ilé ọkọ ní Mọ́kọ́lá, tí mo bá ṣí ẹ̀rọ láàárọ̀."

Wọ́n mu ún tán. Wọ́n na ife náà sí mi, mo tún bu sí i.