Ìgbà tó yẹ kí ọmọ ọmú bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, àti ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ jẹ

Oṣù mẹ́fà pé ni èsì tí mo máa ń fún ẹni tó bá bi mí léèrè ìgbà tó yẹ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Pé ni mo wí o. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta pé oṣù mẹ́fà ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án. Àwọn ìyá kan ń ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí oṣù kan. Tí wọ́n bá ka mẹ́fà báyẹn tán, ọmọ ṣì wà ní oṣù márùn-ún ààbọ̀. Ọjọ́ ìbí ni kí ẹ fi kà á. Ní ilé ìwòsàn ìjọba, oṣù kẹfà yìí náà ni wọ́n máa ń kán fítámì A sí ọmọ lẹ́nu, ẹ lè so méjèèjì pọ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ oṣù mẹ́fà ló ṣe pàtàkì jù, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló máa mọ oúnjẹ tó yẹ kó sè. Ọmọ kì í wáyé lọ́wọ́ òfo. Nínú oyún, pàápàá ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, ó ti ń gba èròjà irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì ń tò ó pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀. Irin inú omi ọmú kéré gan-an: lítà kan kò ní ju nǹkan bíi 0.3 mílígíráàmù lọ. Ara ọmọ ń gba ìwọ̀nba yẹn dáadáa, ìpamọ́ inú ẹ̀dọ̀ sì ń gbé e ró títí di nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Bí ìpamọ́ yẹn bá ti ń tán lọ, oúnjẹ gbọ́dọ̀ dé. Bákan náà ni ti agbára. Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé ọmọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ tó ń mu ọmú dáadáa ṣì nílò nǹkan bíi 200 kálórì lójúmọ́ láti inú oúnjẹ. Ó di 300 ní oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, ó di 550 lẹ́yìn ọdún kan. Ọmú kò di omi lásán ní oṣù kẹfà o. Ẹ máa fún un lọ títí ọdún méjì, kó kọjá bẹ́ẹ̀ pàápàá.

Ṣáájú oṣù mẹ́fà, oúnjẹ kì í kún ọmú, àyè ọmú ló ń gbà. Ikùn ọmọ oṣù mẹ́ta kò tóbi. Tí ẹ bá da ògì ṣíṣàn kún un, kò ní fa ọmú bó ṣe yẹ, ọmú tí wọn kò bá sì fà kì í mú omi púpọ̀ wá mọ́. Láìpẹ́ ìyá á ní omi ọmú òun kò tó, kò ní mọ̀ pé ògì ló fà á. Omi ńkọ́? Ìdá 88 nínú 100 omi ọmú, omi ni. Ìbáà jẹ́ nínú ọyẹ́, ìbáà jẹ́ nínú oòrùn oṣù kẹta, ibẹ̀ ni omi ọmọ wà. Ẹ má ṣe fún un ní àgbo tàbí omi gúlúkóòsì.

Oyin tún yàtọ̀: kò gbọ́dọ̀ kan ọmọ lẹ́nu kó tó pé ọdún kan, kódà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Kòkòrò tó ń fa botulism, àìsàn tó ń mú kí iṣan ara ọmọ rọ, lè wà nínú rẹ̀. Ikùn àgbà lè borí rẹ̀, ti ọmọ ọwọ́ kò lè borí rẹ̀. Kí ìyá àti bàbá tọ́ oyin náà wò dípò ọmọ, àdúrà á ṣì gbà.

Oṣù mẹ́fà ni kàlẹ́ńdà wí, ara ọmọ ló máa sọ ọjọ́. Mo máa ń wo nǹkan mẹ́ta pa pọ̀. Àkọ́kọ́, kó lè jókòó pẹ̀lú ìrànwọ́ díẹ̀, kí ọrùn rẹ̀ sì dúró. Ìkejì, kó máa rí nǹkan, kó nawọ́ mú un, kó sì gbé e dé ẹnu fúnra rẹ̀. Ìkẹta ni ahọ́n: ẹ fi oúnjẹ díẹ̀ sí etí ṣíbí kékeré, kí ẹ fi kan ètè rẹ̀. Tí ahọ́n bá ń ti gbogbo rẹ̀ jáde léraléra, ẹ gbé e tì fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ tún gbìyànjú. Ṣùgbọ́n kí ìdádúró yìí má kọjá ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọmọ oṣù méje tí ọrùn rẹ̀ kò tíì dúró, dókítà ló yẹ kó rí i.

Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní àmì ebi kì í ṣe àmì. Gbogbo ọmọ oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, ló ń jẹ ọwọ́. Oorun ọmọ máa ń yí padà ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin, ẹ̀kọ kò lè tún un ṣe. Wíwo ẹnu yín nígbà tí ẹ ń jẹun náà kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò síwájú rẹ̀, bó ṣe máa wò ó náà nìyẹn. Eyín kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, erìgì lásán ń rún oúnjẹ rírọ̀. Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì bóyá ọmú ń tó o, ẹ wo ìlà ìwọ̀n inú káàdì rẹ̀, kí ẹ sì ka iye ìgbà tó ń tọ̀ lójúmọ́. Tí ìlà bá ń gòkè, tó sì ń tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń tó o. Tí ìlà bá dúró sójú kan, ilé ìwòsàn ló kàn, kí wọ́n wo bó ṣe ń gbá ọmú mú, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò fún àìsàn.

Ọmọ tí wọ́n bí kí oṣù rẹ̀ tó pé kò rí àyè kó irin pamọ́ tó. Oògùn irin olómi ni dókítà sábà máa ń kọ fún un láti oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, òun náà ló sì máa sọ bí wọ́n á ṣe ka oṣù rẹ̀. Tí dókítà bá ní kí ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ láàárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, ti ọmọ yẹn nìkan ni. Kí oṣù mẹ́rin tó pé, kò sí oúnjẹ fún ọmọ kankan.

Iṣẹ́ ló ń mú ọ̀pọ̀ ìyá yára. Ọ̀sẹ̀ 12 ni òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà fi sílẹ̀ fún ìsinmi ìbímọ, èyí sì dín sí ìdajì oṣù mẹ́fà. Òfin yẹn kan náà fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ níbi iṣẹ́. Ẹ béèrè fún un, kí ẹ fi fún omi ọmú sínú ike tó mọ́. Nínú yàrá tí kò gbóná ju dígíríì 25 lọ, ó lè wà fún wákàtí mẹ́rin. Yàrá wa gbóná jùyẹn lọ, nítorí náà ẹ gbé e sínú kúlà tó ní yìnyín kíá. Nínú fíríìjì tí iná rẹ̀ kì í lọ, ọjọ́ mẹ́rin. Kọ́ọ̀bù kékeré ni kí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ fi fún un mu. Ìgò fídà ṣòroó fọ̀, àwọn kan sì ń fi abẹ́ la orí rọ́bà rẹ̀ kí ògì lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ má ṣe é.

Ní ti ìyá àgbà tó bá ní kí ọmọ tètè bẹ̀rẹ̀, mi ò gbà pé kí ẹnikẹ́ni bá a jà. Iṣẹ́ ni kí ẹ fún wọn: «Mọ́mì, ọjọ́ báyìí ni nọ́ọ̀sì ní ká bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yan sóyà àti ẹ̀pà tí a máa lọ̀ sílẹ̀.» Ẹni tó ń yan ẹ̀pà fún oúnjẹ ọmọ kì í ráyè rọ ọ́ ní àgbo.

Ó wá ku ohun tí a máa kọ́kọ́ fún un, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà lẹ́yìn tí wọ́n ti fi sùúrù dúró di oṣù mẹ́fà. Torí irin àti agbára la ṣe dúró. Ògì nìkan kò ní èyíkéyìí tó. A rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ. Ojú rẹ̀ àti awọ rẹ̀, níbi tí ọ̀rá àti púpọ̀ nínú èròjà ara rẹ̀ wà, bá èèrí lọ, ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni a tún wá fi omi pò ó kó lè ṣàn. Ikùn ọmọ á kún, ara rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan mú.

Ẹ má torí ìyẹn da ògì nù. Ẹ sè é kó ki: tí ẹ bá yí ṣíbí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má yára ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Sínú ìdajì kọ́ọ̀bù ògì tó ti jinná, ẹ bu ṣíbí kékeré kan edé tàbí ẹja gbígbẹ lílọ̀, ṣíbí ńlá kan ìyẹ̀fun sóyà yíyan, àti ṣíbí kékeré kan epo pupa. Ẹ fọ iyanrìn kúrò lára edé, ẹ yọ gbogbo egungun ẹja, ẹ tún sá wọn gbẹ kí ẹ tó lọ̀ wọ́n kúnná. Kò sí ṣúgà, kò sí iyọ̀, kò sí mágí títí ọdún kan.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ̀ ọ́ pọ̀ sílẹ̀ lè ṣe Tom Brown: òṣùwọ̀n mẹ́fà àgbàdo, ọkà bàbà tàbí jéró, mẹ́ta sóyà, òṣùwọ̀n kan ẹ̀pà. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ yan wọ́n, lórí iná tí kò le. Sóyà ni kí ẹ yan pẹ́ jù, títí òórùn tútù rẹ̀ á fi lọ, torí sóyà tí kò jinná kì í jẹ́ kí ara lo èròjà inú rẹ̀. Ẹ ṣa ẹ̀pà tó ti bu tàbí tó ti rún dànù. Májèlé tó wà nínú ẹ̀pà bíbu ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná kì í sì pa á tán. Ẹ lọ̀ ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ méjì péré, torí epo inú ẹ̀pà máa ń mú kó kan.

Èmi ò rò pé ògì ló gbọ́dọ̀ ṣáájú pàápàá. Ẹ̀wà tí a bó, tí a sè títí tó fi rọ̀, tí a fi epo díẹ̀ tẹ̀, oúnjẹ àkọ́kọ́ gidi ni. Ẹ̀dọ̀ adìyẹ tó jinná dénú, tí a fi omi rẹ̀ lọ̀, náà dára, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó, torí fítámì A inú rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹja tútù tí a sè, ọ̀dùnkún, píà, ìbẹ́pẹ tó pọ́n, gbogbo wọn ń tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìbẹ́pẹ tàbí ọsàn díẹ̀ tẹ̀lé ẹ̀wà, ó ń jẹ́ kí irin rẹ̀ wọ ara. Tíì ń dí i lọ́wọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀, lẹ́yìn tó ti mu ọmú díẹ̀, tí oorun kò kùn ún. Ṣíbí ńlá méjì tàbí mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Kó tó pé oṣù mẹ́sàn-án, ó yẹ kó ti máa jẹ tó ìdajì kọ́ọ̀bù 250 mílílítà, ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta. Láti oṣù kẹsàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin. Lẹ́yìn ọdún kan, kọ́ọ̀bù náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Oúnjẹ tuntun kan ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ lè mọ èyí tó bá bá a jà: ara tó yọ kókó, ètè tó wú, èébì, tàbí èémí tó ń dún láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí méjì. Ètè wíwú àti èémí dídún, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má torí èyí sá fún ẹyin àti ẹ̀pà. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015, fi hàn pé àwọn ọmọ tó tètè ń jẹ ẹ̀pà kì í sábà ní ìkórìíra rẹ̀ nínú ara bíi ti àwọn tí wọ́n fi í dù. Ẹyin kó jinná, ẹ̀pà kó kúnná, kó sì pò mọ́ oúnjẹ. Ẹ̀pà odidi kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì tó ọdún márùn-ún. Ọmọ tí eczema (awọ ara gbígbẹ tó ń yún) bò lára gidi, kí dókítà kọ́kọ́ rí i.

Mo kórìíra dídá ọmọ dùbúlẹ̀ sórí itan, ká fi ọwọ́ dí i nímú, ká máa rọ ẹ̀kọ sí i lọ́fun. Oúnjẹ lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kó jókòó tààrà. Tó bá yíjú, tó pa ẹnu dé, ó ti yó. Ọmọ lè kọ oúnjẹ kan ní ìgbà mẹ́wàá kó tó gbà á. Tó bá ń pọ̀ọ́, tó ń húkọ́, tó ń pariwo, ẹ fi í sílẹ̀, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ mì ni. Ìdákẹ́jẹ́ ni kó dẹ́rù bà yín: tí kò lè ké, tí ètè rẹ̀ ń ṣú, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí apá yín, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀, ẹ fi ìtẹ́lẹ̀ ọwọ́ lù ú láàárín èjìká lẹ́ẹ̀marùn-ún. Tí oúnjẹ tó há sí i lọ́fun kò bá bọ́, ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa pààrọ̀ méjèèjì títí tó fi bọ́, kí ẹnìkan máa wá mọ́tò.

Oúnjẹ tó ti jókòó ju wákàtí méjì lọ, ẹ dà á nù. Ẹ̀kọ tó wà nínú fúláàsì láti àárọ̀ títí ọ̀sán ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ gbuuru tí wọ́n ń di ẹrù rẹ̀ ru eyín.

Ẹ má jẹ́ kí oúnjẹ rẹ̀ kúnná títí lọ. Ní oṣù kẹjọ, ẹ fún un ní iṣu sísè tó rọ̀ kó fi ọwọ́ mú; ní ìkẹsàn-án, oúnjẹ tó ní kókó díẹ̀, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú tí ẹ bù fún un kí ata àti iyọ̀ tó wọ ìkòkò. Èyí tó pẹ́ kó tó mọ oúnjẹ kókó sábà máa ń kọ̀ ọ́ tó bá dàgbà.

Ìgbẹ́ ọmọ á ki, á sì pàwọ̀ dà, kò séwu. Èyí tó bá ṣàn bí omi lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni gbuuru: ẹ má gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, ẹ fún un lọ́mú sí i, ẹ fún un ní ORS (omi oníyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi padà sí ara), àti síǹkì 20 mílígíráàmù lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14. Tó bá gbádùn tán, ẹ fi oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan kún ti ojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ìlà ìwọ̀n rẹ̀ lè padà síbi tó wà.